Ẹni Tó Wọ Bàtà Ò Mọ Ibi Tó Ti Ń Ta Á Mọ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Ẹsẹ̀ Àwa Tí A Ní Ìtọ̀ Ṣúgà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbà àdúgbò àtàwọn ìyá ọlọ́jà sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ló fi fóònù gbà á sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo tẹ̀ ẹ́ síbí, ibì kan tàbí méjì ni mo tún ṣe.)

Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìsọ̀ wá láti Oyíngbò, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ di ìyá yín lọ́wọ́ mú wá síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé iná ti lọ, fáànù ò yí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á. Mi ò ní pẹ́ jù, àmọ́ mi ò ní kánjú náà, torí ìkánjú ò bá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mu.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Egbò ni mò ń dí, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Àìsàn tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ yìí, orúkọ ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa, àwọn kan ń pè é ní àtọ̀gbẹ, àwọn kan ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ọmọ wa ní dáyábítíìsì, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ máa pè é. Ohun tí mo wá bá yín sọ kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í ṣe ti ìrẹsì àti ẹ̀bà, mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ìyẹn fún yín títí ó fi sú yín. Ẹsẹ̀ ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, káfíńtà ni, Mushin là ń gbé nígbà yẹn, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà fún bí ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó wọlé, ó kí wa, ó rìn kọjá lọ sí yàrá, ìyá mi wá ń wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ̀jẹ̀ wo lẹ̀ ń tẹ̀ kiri yìí?" Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ó bọ́ bàtà. Ìṣó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó gún un lábẹ́ àtàǹpàkò, ó sì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ti gbẹ. Ó ti gun àkàbà, ó ti rìn lọ jẹun, ó ti wọ mọ́lúè wálé, tòun ti ìṣó. Ẹ mọ ohun tí gbogbo wa ṣe? A rẹ́rìn-ín. A ní ara bàbá le. Bàbá mi gan-an ń fi yangàn, ó ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀gún lásán ẹ ti ń ké.

Ìyá mi fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́. Wọ́n tú kápúsù pupa àti yẹ́lò, wọ́n da ìyẹ̀fun ẹ̀ sójú egbò. Ó dí lókè, a dúpẹ́. Abẹ́ ẹ̀ ò dí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹsẹ̀ wú, òórùn dé, kẹ́mísì gún un lábẹ́rẹ́ títí, nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, àtàǹpàkò ti dúdú bí èédú. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Bàbá mi ò gun àkàbà mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ n bi yín o. Ṣé ìṣó ló gé ẹsẹ̀ bàbá mi? Rárá. Ìṣó máa ń gún káfíńtà lójoojúmọ́. Olè wọlé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó pariwo títí dalẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́KỌ́: MẸ́GÁÀDÌ TI SÙN

Gbogbo wa la mọ mẹ́gáàdì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ìrora ni mẹ́gáàdì ara. Mo mọ̀ pé a máa ń gbàdúrà pé a ò ní rí ìrora, àmín, àmọ́ ẹ bá mi rò ó wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ fọ́ọ́kì mọ́lẹ̀, ta ló ń sọ fún yín pé ẹ gbé ẹsẹ̀? Ìrora ni. Tí bàtà tuntun bá ń ha yín ní gìgísẹ̀ lóde ìgbéyàwó, ta ló ń sọ pé ẹ bọ́ ọ, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ tábìlì? Ìrora náà ni. Kódà bẹ́ ẹ ṣe jókòó yìí, ẹ̀ ń sún ìdí síbí, ẹ̀ ń sún un sọ́hùn-ún, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ ń sún un, mẹ́gáàdì ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣúgà tó bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, tó ga bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa ba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣan tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn èyí tó lọ dé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka, táá máa gòkè bọ̀ wá sí ọrùn ẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Kí mẹ́gáàdì tó sùn, á kọ́kọ́ máa pariwo lásán. Àwọn kan nínú yín mọ ohun tí mò ń sọ, ẹsẹ̀ á máa jó yín lóru bí ẹni fi ata pa á, á máa ta yín bí abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ́ máa rò pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ ilẹ̀ á dà bíi pé òwú lẹ tẹ̀. Àbí irọ́ ni mò ń pa? (Wọ́n ní òótọ́ ni.)

Ó wá yá, ariwo yẹn á dáwọ́ dúró. Èèyàn á wá bọ́ sí iwájú ìjọ, á jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ tó ń jó òun lóru ti fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, tí ẹsẹ̀ tó ti ń jó yín fún ọdún méjì bá ṣàdédé dákẹ́, ẹ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ pé mẹ́gáàdì ti sùn pátápátá ni. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní gbọ́ ariwo kankan rárá, wẹ́rẹ́ báyìí ni ẹsẹ̀ á kú. Àwọn míì sì ti ní ìtọ̀ ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n máa sọ fún wọn, ẹsẹ̀ ti ń kú lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe gidi ni, àmọ́ àìsàn yìí ti ba òwe yẹn jẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè wọ bàtà, kí bàtà máa ta á, kí ó máa họ ọ́, kí ó máa gé e, kí òun gan-an má mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lóòní, orí ẹ̀ ló dá lé.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Dókítà òyìnbó kan wà, Paul Brand, India ni wọ́n bí i sí ní 1914, ó tún padà síbẹ̀ ní 1946 láti ṣiṣẹ́ nílùú Vellore, ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀. Ẹ mọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa ẹ̀tẹ̀, pé ó máa ń jẹ ọmọ ìka. Brand wò ó títí, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ò jẹ ìka, ìmọ̀lára ló ń pa, àwọn èèyàn á wá máa fi ọwọ́ tí kò mọ nǹkan gbé ìkòkò gbígbóná, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan tẹ ìgò. Ohun kan ṣì wà tí kò yé e, àwọn kan á sùn lálẹ́ pẹ̀lú ìka, ilẹ̀ á mọ́, ìka ò ní pé mọ́. Wọ́n ṣọ́ ọ lóru. Eku ni! Eku ló ń jẹ ìka ẹni tó ń sùn, ẹni náà ò sì jí. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn ní ológbò. Nígbà tó yá Brand kó lọ sí Amẹ́ríkà, ní Carville ní Louisiana, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé egbò àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò yàtọ̀ sí ti adẹ́tẹ̀. Ìdí kan náà ló fà á, ìrora ti lọ.

Ẹ rántí eku yẹn o, a máa padà sí i.

Ọ̀RỌ̀ KEJÌ: ÀWỌN TÓ Ń BỌ̀ WÁ TÚN UN ṢE WÀ NÍNÚ SÚNKẸRẸ-FÀKẸRẸ

Èyí ò gùn. Nígbà tí ara bá ya, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àtàwọn ọmọ ogun ara wá síbẹ̀ láti tún un ṣe. Ṣúgà tó ga, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹsẹ̀ há. Ẹ wá wò ó bí ìgbà tí iná ń jó nílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, panápaná sì wà lórí Third Mainland nínú hódọ̀ọ̀pù, kò ráyè kọjá. Ìdí tí egbò wa kì í fi í tètè jiná nìyẹn. Kòkòrò àìsàn ní tiẹ̀ ò sí nínú hódọ̀ọ̀pù kankan, ó ti débẹ̀, ó ń jẹun. Ẹ̀yin bàbá tó ń mu sìgá, ẹ dárí jì mí, sìgá kan tẹ́ ẹ bá tún tàn, ṣe lẹ̀ ń di ọ̀nà yẹn pa.

Ohun kan tún ni pé iṣan tó ń mú ẹsẹ̀ làágùn náà máa ń kú, ẹsẹ̀ á wá gbẹ bí pátákó, gìgísẹ̀ á là, ibi tó là yẹn ni ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé.

Ọ̀RỌ̀ KẸTA: ÈKÓ Ò RỌRÙN FÚN ẸSẸ̀ TÍ KÒ MỌ NǸKAN

Ibí gan-an ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ìwé tí wọ́n máa ń fún wa ní kílíníìkì, òyìnbó ló kọ ọ́, ó ní ẹ má lọ jókòó ti ìdáná tí wọ́n ń yá ní ìgbà òtútù. Ta ló ń yáná ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta? Àmọ́ a ní iná tiwa.

Ẹ mọ danfo. Ẹ mọ ìjókòó iwájú yẹn, èyí tó wà láàárín dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ó jókòó síbẹ̀ láti Ojúẹlẹ́gba, ọkọ̀ ò rìn lórí afárá, wọ́n lo ju wákàtí kan lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ fara ti irin ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ní òun kàn ń wo bí àwọn yòókù ṣe ń ké pé ooru pọ̀ ni. Alẹ́ ló rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì ti lé ròrò bíi fùfú tó ń hó. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ ẹ̀ gbé e wá lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan sí i, a tọ́jú ẹ̀ fún oṣù méjì, ó jiná. Ìyá yẹn ṣì ń ta aṣọ títí dòní. Tó bá jẹ́ pé ó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún yín lóòní ì bá yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, bó ti wù kó yá tó, ẹ dúró de ọkọ̀ míì. Omi gbígbóná tẹ́ ẹ fi ń wẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má fi ẹsẹ̀ dán an wò, ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ tì bọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi ìgò omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ pé ó ń ro yín.

Eku. Mo ní a máa padà sí i. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé eku máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́ kí ẹni tó ń sùn má mọ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ ẹ, ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora ò nílò kí wọ́n fẹ́ ẹ. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èèyàn á jí láàárọ̀, nǹkan ti jẹ orí àtàǹpàkò, ibùsùn kún fún ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilé á ní àwọn ayé ló wá lóru. Bàbá kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àdúrà dáa o, èmi náà ń gbà á, àmọ́ eku ilé yẹn ṣì ń padà wá ní gbogbo òru tí wọ́n ń gbàdúrà. Ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yíká. Ẹ fọ ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn kí òórùn ọbẹ̀ má wà lára ẹ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí eku ilé yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ lásán ńkọ́? Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Inú sùtánà ni wọ́n tọ́ mi dàgbà, mo mọ̀ pé téèyàn bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará wa ni pé ẹ di sùtánà yín sínú báàgì, ẹ wọ bàtà láti ilé, tẹ́ ẹ bá dé ọgbà ìjọ kẹ́ ẹ wá pààrọ̀, ilẹ̀ títì tó kún fún ìgò àti abẹ́ yẹn lẹ ti sá fún. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì bá olùṣọ́ yín sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan mọ́, ó lè ní ọ̀nà tó máa gbà ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ dáa púpọ̀, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín, ó wù mí kí gbogbo aláìsàn mi máa ṣe é. Àmọ́ omi tó ń ṣẹ́kù sáàárín ọmọ ìka, ẹ nù ún gbẹ, torí ibi tó bá ń tutù ní gbogbo ìgbà, á máa bó, á máa yún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tẹ́ ẹ bá kírun lójú títì, kọ́ńkéré yẹn ti yá gágá, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé orí ẹní.

Nínú ilé náà, ẹ wọ sílípáàsì. Nínú bálùwẹ̀, ẹ wọ ọ́. Ẹ ní inú ilé mi ni? Abẹ́rẹ́ tí ọmọ yín fi ran ìró dà, ṣé ẹ mọ ibi tó wà?

Ìgbà òjò, tí àgbàrá bá kún títì, ẹ má wọ́ ọ kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ní ojú egbò kankan, ẹ wá bóòtù ọ̀rá. Tó bá di dandan tẹ́ ẹ wọ́ ọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ bá délé, ẹ nù ún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti abẹ́. Àwọn mọ́là tó ń gbé sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò tí wọ́n ń gé èékánná, èmi ò kórìíra wọn, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, àmọ́ ẹsẹ̀ yín kì í ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n lè gbé lé ọwọ́ wọn mọ́. Sísọ́ọ̀sì kan náà ló gé ti èèyàn mẹ́wàá, ó sì máa ń wa igun èékánná jáde. Àwọn tó ń fi bíléèdì ha gìgísẹ̀ ní sálúùnù náà ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn pé ó tó. Oògùn kọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì, ásíìdì ló wà nínú ẹ̀, ó ń jẹ kọ́ọ̀nù, ó ń jẹ ẹran tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà. Ibi tó bá le lẹ́sẹ̀ yín, ẹ gbé e wá fún wa, ó sábà máa ń jẹ́ pé egbò ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ KẸRIN: OJÚ L'ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Tí mẹ́gáàdì bá sùn, kí là ń ṣe? Onílé fúnra ẹ̀ ló máa jáde wá ṣọ́ géètì. Ojú àti ọwọ́ yín ló máa ṣe iṣẹ́ tí ìrora ń ṣe tẹ́lẹ̀. Alaalẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá rántí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀, ẹ má rì í sómi fún wákàtí. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ nu àárín ọmọ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú òrí tàbí fásílíìnì, ẹ fi pa òkè àti abẹ́ àti gìgísẹ̀, àmọ́ ẹ má fi sáàárín ìka. Òrí tó wà nílé ìyá yín ti tó, ẹ ò nílò ìpara olówó ńlá. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wò ó. Ẹ wo òkè, ẹ wo ẹ̀gbẹ́, ẹ wo àárín ìka, ẹ wo abẹ́. Ta ló lè rí abẹ́ ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún? Ẹ gbé díńgí sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kó fi fóònù yà á kó fi hàn yín. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tí ojú yín náà ò bá ríran dáadáa mọ́, torí ṣúgà máa ń ba ojú náà jẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wò ó lálaalẹ́.

Kí lẹ̀ ń wá? Ìwé àwọn òyìnbó ní ẹ wá ibi tó pupa. Ẹsẹ̀ wa dúdú, pupa lè má hàn lára ẹ̀. Ẹ wá ibi tó ṣú ju ibi yòókù lọ, ibi tó ń dán, tó wú, tó bó, tó ní omi tàbí ọyún, ibi tó ń rùn. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì, ibi kan náà lósì, ibi kan náà lọ́tùn-ún. Tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, nǹkan wà níbẹ̀. Tí odindi ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì gbóná, kódà tí kò bá ro yín rárá, ẹ má fi rìn mọ́, ẹ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí àìsàn kan wà tó máa ń wó eegun inú ẹsẹ̀ bí ẹni wó ilé alámọ̀, ẹni tó ní i á sì máa fi rìn lọ sọ́jà.

Èékánná, ẹ gé e tààrà, ẹ má wa igun ẹ̀, ẹ fi fáìlì ra á.

Bàtà. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, nígbà gbogbo, ẹ gbọn ọ́n. (Mo dúró díẹ̀ níbí, torí bàbá mi ni mo rántí.) Ẹ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ò sí, èmi náà ń ra òkirìka. Ẹ gbé páálí sílẹ̀, ẹ dúró lé e lórí, ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ yín po, ẹ gé e, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sọ́jà. Tí páálí yẹn ò bá tẹ́ nínú bàtà, tó ń ká, bàtà yẹn kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó rẹwà tó. Àwọn tó ń rán bàtà ní Mushin náà máa gba páálí yẹn lọ́wọ́ yín, wọ́n á fi rán èyí tó fẹ̀ níwájú. Bàtà tuntun, ẹ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan, ẹ bọ́ ọ, ẹ wo ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó ní rọ́bà tó ń fún yín lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ jù ú nù.

Mo ní mi ò wá sọ ti oúnjẹ, àmọ́ mi ò lè fò ó pátá. Ṣúgà yín láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun, fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ó yẹ kó wà láàárín 80 sí 130 (mg/dL). Dókítà lè fún àgbàlagbà ní iye tó yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ bi í léèrè tiyín. Tó bá ń jẹ́ 250 lójoojúmọ́, gbogbo òrí tẹ́ ẹ bá fi pa ẹsẹ̀ ò lè dá a dúró.

Ọ̀RỌ̀ KARÙN-ÚN: TÍ OJÚ BÁ TI YA

Nínú ẹsẹ̀ 100 tí wọ́n gé nítorí ìtọ̀ ṣúgà, nǹkan bí 85 ló jẹ́ pé egbò ló kọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Egbò tí èèyàn rí, tó fi ojú kéré.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tàbí báńdéèjì dì í, kẹ́ ẹ má fi ẹsẹ̀ yẹn rìn káàkiri, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ, ọjọ́ kejì ò gbọdọ̀ kọjá. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí Robb, kò sí omi gbígbóná oníyọ̀, kò sí ewé tí wọ́n jẹ lẹ́nu lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí kápúsù. Àwọn ìyá wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Ìfẹ́ náà ló jẹ́ kí ìyá mi ṣe é.

Àwọn kan á ní ó tẹ nǹkan tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè é, egbò àdáàjiná ni. Mi ò bá yín jiyàn. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa lónìí, kí àdúrà máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Ẹ̀rù ń bà yín pé tẹ́ ẹ bá ti dé ọsibítù, wọ́n máa gé e. Ẹ bá gbọ́ Ìgbòbì, ọsibítù eegun yẹn, àyà yín á já. Láti 1945 ni ibẹ̀ yẹn ti wà, àwọn sójà tó ṣèṣe nínú ogun Hítílà ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún, kí wọ́n lè padà máa rìn. Àwọn tẹ́ ẹ rí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí egbò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ti bi wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin. Bẹ̀rù-bẹ̀rù tí wọ́n fi jókòó sílé yẹn ló fún kòkòrò láyè. Ẹni tó bá tètè wá, a máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń gé èyí tó ti kú kúrò lójú ẹ̀, a máa ń wá bí ẹsẹ̀ á ṣe sinmi, ó sì máa ń jiná, ìyá Ìdúmọ̀tà yẹn jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ lọ sí ibi tó súnmọ́ yín, hẹ́lítì sẹ́ńtà àdúgbò, jẹ́nẹ́rà ọsibítù, àwọn ọsibítù ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò wà lẹ́sẹ̀ mi." Gbólóhùn méjèèjì papọ̀ ni kẹ́ ẹ sọ. Tí wọ́n bá ń yẹ̀ yín wò lásán tí wọn ò ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ fúnra yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú wọn. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó yẹ kí ẹnì kan nínú wọn yẹ ẹsẹ̀ yín wò dáadáa, kódà tí kò sí egbò.

Ó ku ohun kan, kẹ́ ẹ tó dìde, a jọ máa ṣe é níbí. Àwọn dókítà nílùú Ipswich ní ìlú ọba ló mú un wá, kò gba irinṣẹ́, kò gba owó. Ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìyá kó kọjú sí ọmọ, ọkọ kó kọjú sí ìyàwó. Ẹni àkọ́kọ́ á dijú. Ẹnì kejì á fi orí ìka ọwọ́ kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí eṣinṣin ṣe ń bà, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn ín. Àtàǹpàkò, ìka àárín, ìka tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà lẹ́sẹ̀ òsì, mẹ́fà ló jẹ́ lápapọ̀. Tó bá mọ̀ ọ́n, kó ní ọ̀tún tàbí òsì. Ẹni tí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó má bẹ̀rù, kó má sì fi pamọ́, kó na ọwọ́ sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ní okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní ìwé tí wọ́n máa kọ fún yín tẹ́ ẹ máa gbé lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bàbá tó wà níwájú, ẹ jẹ́ n bá yín bọ́ okùn bàtà yẹn.